Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kọ́ńséyé

Bí Àbdùlbàkí bá ń bọ̀ nínú àgbàlá yín, fìlà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí fìlà bá wà lórí, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé ló bá wá, tàbí kó jẹ́ pé ìbò ló fẹ́ tọrọ. Àmọ́ bó bá ti ṣí fìlà, tó ká a sínú àpò kóòtù rẹ̀, ẹ yáa wá ibì kan jókòó sí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn èèyàn yín tí kò sí nílé.

Èmi Rakiatou ni mò ń sọ ọ́, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá a tẹ ìwé nínú ṣọ́ọ̀bù mi, èmi àti kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ fọ́tòkópì kan, lẹ́nu ọ̀nà Ẹ̀yìn-Pákó. Àwa Yorùbá là ń pè é bẹ́ẹ̀. Derrière-Scierie ni àwọn yòókù ń pè é, torí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la gẹdú ló wà, létí ọ̀sà. Mi ò ní í sọ kọ́múùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, tó wà. Abidjan ni, ìyẹn náà ti tó. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá, èmi ò sì tíì yé sá.

Ìgbòho ni bàbá rẹ̀ ti wá. Abọ́ tánganran ló gbé rù wọ Abidjan, ó ń ti ọjà dé ọjà, ibẹ̀ ló sì bí Àbdùlbàkí sí. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí bàbá yìí ń ṣe tí kò gba nǹkan kan lórí rẹ̀: òun ni wọ́n máa ń rán láti túfọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í já ọ̀rọ̀ ikú lu èèyàn. Bí ìròyìn bá ti Ìgbòho tàbí Ṣakí dé pé bàbá lágbájá ti lọ, a kì í sọ fún lágbájá. Bàbá Àbdùlbàkí la ó sọ fún. Lọ́jọ́ kìíní, yóò ní ara bàbá ò yá díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti gbé bàbá lọ sọ́sibítù. Lọ́jọ́ kẹta, yóò mú àgbà méjì dání, gbogbo wọn á ti ṣí fìlà, igbe á sì ti ta kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ béèrè pé, “Ṣé ó ti kú ni?” Ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ohun tí yóò sọ ni pé, “Ọlọ́run á fún un lálàáfíà,” yóò sì wọlé lọ bá ara rẹ̀ sọ ìyókù.

Nígbà tí bàbá kú, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà náà, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe ju bàbá lọ. Èmi gan-an jẹ́rìí sí i. Lọ́jọ́ tí gbàkà kan, ọkọ̀ akérò, gbá ọkọ mi lọ́nà Abobo, Àbdùlbàkí ló wá. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, nítorí náà ọ̀sán kan ló fi ṣe ohun tó yẹ kó gba ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó ní ara ọkọ mi ò yá. Ní ìrun Àlàásárì, ó ní àwọn dókítà ń ṣe tiwọn. Kí oòrùn tó wọ̀, ó dé pẹ̀lú Alájì Àtàndá, olórí àwọn ọmọ Ìgbòho, àti Bàbá Maurice, olùkọ́ àgbà kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Benin wá. Nígbà yẹn mo ti ṣe tán láti gbọ́ ọ. Mi ò ṣubú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ṣì ń dúpẹ́, bí inú tilẹ̀ ń bí mi sí i títí dòní.

Ibi tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ kiri ilé onílé ló ti di olóṣèlú. Ẹni tí ẹ bá ti sunkún níwájú rẹ̀ rí, ẹ ò ní í tijú láti gbé ìwé ìbí ọmọ yín tí eku ti jẹ fún un. Faransé yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń tẹ̀lé àwọn ìyá wa lọ sí mairie, ọ́fíìsì kọ́múùnù, ó ń bá wọn tò, ó ń bá wọn bẹ akọ̀wé tó ń kanra. Òun fúnra rẹ̀ gba ìwé ọmọ-ìlú níwájú adájọ́, ó sì ní sùúrù títí òfin fi gbà á láyè láti díje. Ní deux mille treize, ọdún 2013, maire, olórí kọ́múùnù, fi orúkọ rẹ̀ sínú lísìtì, wọ́n wọlé, Àbdùlbàkí di conseiller municipal, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ kọ́múùnù. Ẹnu àwọn ìyá wa sọ ọ́ di Kọ́ńséyé, bó ṣe di orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yìn ín níbi tó ti tọ́ sí i. Ẹ̀rọ omi tó wà láàárín Ẹ̀yìn-Pákó, òun ló jà fún un. Ọdún méjì ni mo fi ń tẹ lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ omi yẹn, títí mo fi lè fi ojú dídì tẹ̀ ẹ́. Òpó iná mẹ́ta, òun náà ni. Kò jí nǹkan kan tí mo mọ̀, mo sì máa ń mọ̀. Àléébù rẹ̀ kò ju pé ó fẹ́ràn kí àwọn ẹni ńlá máa gbá a léjìká. Ó ní ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń dá conseiller mọ̀, inú náílọ́ọ̀nù ló ń ká a sí kí eruku má bàa bà á. Ìyàwó rẹ̀, Laetitia, ọmọ ilé Kristẹni kan tí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe akọ̀wé nígbà àwọn Faransé, máa ń sọ pé bí iná bá ń jó ilé, ọ̀já yẹn ni ọkọ òun yóò kọ́kọ́ gbé jáde. A máa ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n kó lọ sí Riviera, àdúgbò àwọn olówó. Ìyá rẹ̀, Màmá Mọ́síùrá, kò bá wọn lọ. Lẹ́búlẹ́bú pákó ni màmá ń tà. Wọ́n á lọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́ ìlagi, wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń yan ẹja àti àwọn tó ń sin adìyẹ. Aṣọ wọn, irun wọn, omi tí wọ́n bá fún yín mu, gbogbo rẹ̀ ló ń ta òórùn igi tútù. “Riviera?” ni wọ́n wí. “Bí mo bá jí láàárọ̀, ta ni màá kí níbẹ̀? Ògiri?”

Lẹ́yìn náà ni mairie fẹ́ kó ọjà kan kúrò lójú títì. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìjà ló máa ń dà. Kọ́ńséyé ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́jà, bí ẹni ń túfọ̀: ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ara ọjà ò yá, ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti le, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Àwọn obìnrin sunkún, wọ́n dirù, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó ju òkúta. Maire gbá a léjìká níwájú gbogbo ìgbìmọ̀, ó ní, “Baki, toi, tu as la bouche!” Pé ó lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sọ ìtàn yẹn fún mi, ojú rẹ̀ sì ń tàn ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ibẹ̀ ni aburú wa ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí bàbá rẹ̀ fi ń tu èèyàn nínú, òun fi ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, kò sì rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Òkú ti kú ná. Bí ẹ bá fi ọjọ́ mẹ́ta sọ ọ́, kò ní í tún kú sí i. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n fẹ́ wó, gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fi sọ ọ́, inú ọjọ́ tó yẹ kí èèyàn fi kó ẹrù ló ti ń lọ. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mi ò rí i nígbà náà, tàbí mo rí i tí mi ò fẹ́ rí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ẹ̀rọ ìlagi dákẹ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ Ẹ̀yìn-Pákó, ariwo ẹ̀rọ yẹn la fi ń jí, orí rẹ̀ la sì ń pariwo sọ̀rọ̀ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ tó dákẹ́, a ṣì ń pariwo mọ́ra wa bí ìṣe wa, lẹ́yìn náà ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá, a rẹ ohùn sílẹ̀. Mamadou, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ náà lóru, tó sì máa ń fi àárọ̀ sùn nínú yàrá tó kángun sí ti Màmá Mọ́síùrá, sọ pé wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀rọ lọ, pé òfìfo ni òun ń ṣọ́. Òkìtì lẹ́búlẹ́bú ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Màmá á dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á wò ó títí, wọ́n á wọlé.

Ìparí oṣù yẹn ni Kọ́ńséyé wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti ilẹ̀kùn. Fìlà kò sí lórí rẹ̀, kò sì sí nínú àpò. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà, ó ń lọ́ ọ. Lẹ́tà ló fẹ́ kí n tẹ̀ fún òun, sí ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí mi ò ní í dárúkọ, pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi wíwó Ẹ̀yìn-Pákó sílẹ̀ di ìgbà tí àwọn ọmọ bá gba ọlidé ńlá. Ọjọ́ náà wà nínú lẹ́tà: le vingt-deux février, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì. Ọwọ́ mi kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

“Bọ̀dá, wọ́n fẹ́ wó wa?”

“Tẹ̀ ẹ́, Raki. O ò rí nǹkan kan.”

“Ṣé ẹ máa sọ fún wọn?”

“Mo máa sọ ọ́. Maire ní kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sọ, doucement, jẹ́jẹ́, kó má bàa di ìjà, kí àwọn journaliste má bàa dé síbẹ̀. Vendredi mẹ́ta, Jímọ̀ mẹ́ta, ni màá fi sọ ọ́. Ní ẹ̀kẹta, màá sọ ọ́ tán, ọjọ́ mẹ́fà á ṣì kù fún wọn.”

“Ọjọ́ mẹ́fà, Bọ̀dá?”

“A kì í já a lu èèyàn, Rakiatou. Ìwọ náà mọ̀.”

Mo mọ̀. Mo tẹ lẹ́tà náà tán láìṣe àṣìṣe kan.

Vendredi kìíní bọ́ sí le deux février, ọjọ́ kejì oṣù. Lẹ́yìn Jímọ̀, Kọ́ńséyé pe gbogbo wa sí àgbàlá Màmá Mọ́síùrá. Ó ṣí fìlà, ó ká a sínú àpò. Mo rí i bí àwọn obìnrin ṣe ń wo ọ̀tún wo òsì, tí wọ́n ń wá ẹni tí kò sí níbẹ̀.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ó ní, “ara ilẹ̀ yìí ò yá díẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹbí níbòmíràn, kò burú kó lọ bẹ̀ wọ́n wò.”

Joël dìde. Ọmọ ọmọ Bàbá Maurice ni, ó ń tún mọ́tò ṣe, òun sì ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń tẹ̀ lé. Yorùbá tó ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tó ń sọ lọ. “Vieux père, ara ilẹ̀ ò yá, ça veut dire quoi, kí nìyẹn? Omi ni àbí ẹ̀fọn?”

“Ara rẹ̀ ò yá, Joël. Ẹ máa fi í sádùúrà.”

“Ah, y a fohi, vieux père! Kò sí wàhálà! CAN ń lọ, bọ́ọ̀lù Áfíríkà. Tá a bá gba Cup, ara gbogbo wa á yá!”

Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Alájì Àtàndá kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹrí ba, ó ní, “A gbọ́, Kọ́ńséyé. Ọlọ́run á fún un lálàáfíà.” Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé odidi ló gbọ́. Bàbá Maurice náà gbọ́. Gbogbo àwọn tó dàgbà sílé ló gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, Alájì gbé àpótí méjì ránṣẹ́ sílé àbúrò rẹ̀, kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó bi í. Ẹni tó bá gbọ́ kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tí wọ́n rán lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn. Bí àwọn tó mọ̀ ṣe dákẹ́ torí pé wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, tí àwọn tí kò mọ̀ ń tọ bọ́ọ̀lù káàkiri. Nígbà mìíràn tí mo bá rántí rẹ̀, mo máa ń fẹ́ gbá ara mi létí.

Vendredi kejì, le neuf, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ omi tí Kọ́ńséyé jà fún kò yọ. Àwọn ọmọ fi korobá wọn tò síbẹ̀ títí oòrùn fi mú, wọ́n kó wọn padà sílé lófìfo. Kọ́ńséyé tún dé, fìlà wà lápò. Ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ti le, pé apá àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò fẹ́ ká a mọ́. “Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn,” ni àwọn àgbà wí. Ìyá kan fi etí aṣọ nu ojú. Àwọn ọ̀dọ́ kò tilẹ̀ bi í léèrè mọ́, torí lọ́jọ́ Sunday, Côte d'Ivoire àti Nàìjíríà ló fẹ́ pàdé ní àṣekágbá, wọ́n sì ń jiyàn lórí ẹgbẹ́ tó yẹ kí ọmọ Ìgbòho tí wọ́n bí sí Abidjan ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé, Kọ́ńséyé wá mú ìyá rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo wá dá ìkòkò màmá padà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó lórí àpótí kékeré tó ti ń jókòó lé láti kékeré, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

“Ìyá, Laetitia ní kí ẹ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ ń bèèrè yín.”

Màmá ń di ẹnu àpò lẹ́búlẹ́bú kan, èyí tó kẹ́yìn. Wọn kò gbójú sókè. “Àbdùlbàkí, ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá.”

“Ìwọ lo ṣí fìlà níwájú mi lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo fẹ́ bàbá rẹ. Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe, ṣé èmi ni o fẹ́ ṣe é fún? Ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀?”

Ó wò mí. Mo wo ìkòkò. Ó ní, “Ìyá, ó ṣì kù díẹ̀.”

“Ṣé o ti sọ fún àwọn èèyàn?”

“Mò ń sọ ọ́ fún wọn díẹ̀díẹ̀.”

“Nígbà tí o bá sọ ọ́ tán, tí wọ́n bá ti ń dirù, wá mú mi. Èmi kọ́ ni màá kọ́kọ́ jáde níhìn-ín. Wọ́n á ní Kọ́ńséyé ti gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n? Mamadou tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, ṣé o sọ fún un? Ìyẹn ò gbọ́ Yorùbá rárá, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ wo ló fẹ́ dénú rẹ̀?”

Ó ní òun máa sọ fún un. Ó ní vendredi tó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti parí. Màmá fi ọwọ́ tí lẹ́búlẹ́bú bò pa á lórí, bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún, wọ́n ní kó máa lọ kí sunkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó mú un. Ó lọ. Lẹ́búlẹ́bú wà nínú irun rẹ̀ bó ṣe ń wọ mọ́tò, mi ò sì sọ fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, mo kó ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe dáadáa, torí mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé Kọ́ńséyé nìkan ni mò ń bá wí. Mo gbé ẹ̀rọ fọ́tòkópì àti kọ̀ǹpútà sórí ọmọlanke, mo ń gbé wọn lọ sílé Nimotou àbúrò mi ní Koumassi Remblais. Joël ló bá mi tì í dé ojú títì. Ó ní, “Tantie, ẹ ń kó lọ ni?” Mo ní rárá o, ẹ̀rọ ló bàjẹ́, mo fẹ́ lọ tún un ṣe. Ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n rí i ṣe. Ká ní mo la ẹnu níbẹ̀, kí n sọ pé, “Joël, le vingt-deux, kó ẹrù ìyá rẹ,” ọ̀rọ̀ náà á ti yí gbogbo Ẹ̀yìn-Pákó ká kí a tó dé ojú títì. Àmọ́ èmi kọ́ ni wọ́n rán.

Sunday, Côte d'Ivoire gba Cup. Gbogbo ìlú ya sígboro, àní àwọn tó ń gbè sẹ́yìn Nàìjíríà náà fajúro díẹ̀, wọ́n sì jó. Monday, kò sẹ́ni tó jí tètè. Mardi, le treize, ọjọ́ kẹtàlá oṣù, kí n tó kí ìrun àárọ̀ tán ní Remblais, fóònù mi ń dún. Joël ni.

“Tantie! Katapílà ti dé! Ils sont là! Ọlọ́pàá pọ̀! Wọ́n ní ìṣẹ́jú díẹ̀ la ní!”

Mo ń pariwo pé vingt-deux ni, vingt-deux ni wọ́n wí. Mo ń gbọ́ igbe àwọn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń bú ramúramù. Ó wá ní, jẹ́jẹ́, “Tantie, ọjọ́ tá a ti ẹ̀rọ yín lọ yẹn, ẹ ti mọ̀?”

Ó pa fóònù.

Ta ló sún ọjọ́ náà síwájú? Kò sẹ́ni tó sọ fún wa títí dòní. Maire ní wọn kò sọ fún òun náà. Bóyá lóòótọ́ ni, bóyá ẹlòmíràn ló ń fún maire náà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màmá, Mamadou àti ìyàwó Alájì ló sọ ọ́ fún mi. Màmá ti jáde. Wọ́n ti wà lójú títì pẹ̀lú àpò kan àti bùtà wọn, wọ́n jókòó ti ìyàwó Alájì. Wọ́n ń wo àwọn èèyàn tó ń sáré jáde, wọ́n ń kà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n ní, “Mamadou ń sùn.” Ẹni tó ṣọ́ òru mọ́jú, ó ti ti ilẹ̀kùn, ó ti fi aṣọ dí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọlé. Ọdún mọ́kàndínlógún ló sì ti ń sùn lẹ́yìn ẹ̀rọ ìlagi, ariwo kì í jí i. Màmá gba ẹ̀yìn àwọn ọlọ́pàá wọlé padà. Mamadou gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn òun, tó ń pe orúkọ òun. Ó dìde, ó gba fèrèsé ẹ̀yìn jáde. Nígbà tó yí wá síwájú láti dúpẹ́, ògiri ti wó.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti gbé òkú Màmá jáde, wọ́n ti fi aṣọ bò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Wọ́n ti ta okùn sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà tẹ́lẹ̀. Kọ́ńséyé wà lódì kejì okùn. Ó ti Riviera dé, ó wọ kóòtù, ó dá ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta kọ́ èjìká, ó ń na káàdì rẹ̀ sí ọlọ́pàá kékeré kan. “Conseiller municipal ni mí! Màmá mi wà níbẹ̀!” Ọlọ́pàá náà ń pè é ní Papa, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fà sẹ́yìn. Kò tíì gbọ́.

Alájì Àtàndá àti Bàbá Maurice jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan láàárín àwọn ẹrù. Ẹnì kan bi wọ́n pé ta ló máa sọ fún un. Láti ọgbọ̀n ọdún, bí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá ṣẹlẹ̀, ẹnì kan là ń rán, ẹni náà ló sì dúró lẹ́yìn okùn yẹn. Nígbà tó pẹ́, Bàbá Maurice wò mí. “Rakiatou, ìwọ lo máa ń bá a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Máa lọ níwájú.”

A dìde. Àwọn méjèèjì ṣí fìlà. A kọjá lára Joël, ó jókòó lórí táyà kan, kò kí mi.

Kọ́ńséyé rí wa. Ó rí àgbà méjì, ó rí fìlà lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ tó na káàdì sí ọlọ́pàá wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Bọ̀dá,” mo ní, “ara Màmá ò yá díẹ̀.”

A dúró. Ohun tó yẹ kó sọ kò pọ̀, òun náà ló kọ́ wa. Ó di okùn mú.

“Rakiatou,” ó ní, “má ṣe mí bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́. Sọ ọ́ tán.”

Alájì fọwọ́ kàn mí lápá, pé kí n dúró, pé kí a sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo já apá mi gbà.

Mo ní, “Màmá ti kú, Bọ̀dá. Láàárọ̀ yìí. Ògiri ló wó lù wọ́n níbi tí wọ́n ti ń jí Mamadou.”

Gbogbo rẹ̀ kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan.